Zona yọ sí màmá lára: bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ kí ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù kí iná tó lọ. Bí ìléròrò bá yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára yín, apá ọ̀tún nìkan tàbí apá òsì nìkan, tó tò bí ìgbànú, tó ń jó yín bí ẹni fi ata sójú ọgbẹ́, wákàtí 72 lẹ ní láti fi bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dá kòkòrò ẹ̀ dúró. Ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, ẹ sì máa kà á láti ìgbà tí ìléròrò àkọ́kọ́ yọ o, kì í ṣe láti ọjọ́ tẹ́ ẹ wá ráyè lọ ọ̀pítálì.

Aṣọ ni mò ń rán ní Wàndó, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin níbí, mi ò kí í ṣe dókítà. Màmá mi ló ní in lọ́dún tó kọjá, ẹni ọdún 68 ni wọ́n, èmi ni mo sì tọ́jú wọn nílé látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí dókítà sọ àti èyí tí obìnrin tó ń ta oògùn ní fàmásì là yé mi, inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn kọ́sítọ́mà ni mo kọ ọ́ sí, láàárín ìwọ̀n ìbàdí ẹnì kan àti gígùn apá ẹlòmíì, ibẹ̀ ni mo ti ń wò ó tẹ̀ fún yín báyìí. Zona là ń pè é lọ́dọ̀ wa torí Faransé làwọn dókítà wa ń sọ, àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní shingles, nǹkan kan náà ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Fún bí ọjọ́ mẹ́rin ni màmá fi ń sọ pé ìhà òsì ń ta àwọn, pé ó ń ṣe àwọn bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ, bí aṣọ bá fara kàn án báyìí wọ́n á pariwo. Kò sì sí nǹkan kan lójú awọ. A rò pé ẹrù tí wọ́n gbé bọ̀ láti ọjà Àjàrá ni, mo fi rọ́ọ̀bù pa á, asán ni. Mo ti wá mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ìrora lè fi ọjọ́ kan sí márùn-ún ṣáájú ìléròrò, ìyẹn ló ń jẹ́ káwọn kan rò pé ọkàn ló ń dùn wọ́n tàbí kíndìnrín. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ wọ́n ń wẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n pè mí, mo tan iná fóònù sí i. Íntánẹ́ẹ̀tì á sọ fún yín pé ó máa ń pọ́n, àmọ́ lára àwa aláwọ̀ dúdú ẹ má dúró de pupa kankan, ohun tí mo rí ṣáà dúdú ju ara wọn lọ, ó ń dán, àwọn ilé omi kéékèèké wá ṣù jọ sórí ẹ̀ bí ẹyin ẹja. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ọmú òsì, ó gba abẹ́ abíyá kọjá, ó wá dúró gbagidi láàárín ẹ̀yìn, lójú eegun ẹ̀yìn gan-an, bí ìgbà tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ibi tí mo ti fẹ́ gé aṣọ. Kò kọjá ìlà yẹn. Ibi tó dúró sí yẹn gan-an lẹ fi máa dá a mọ̀, torí èèlá àti ooru ara ò mọ àárín ara, zona mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo ibi tá a ti fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta wa ṣòfò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ojúde báyìí, àgbà kan nínú agboolé fa etí mi, ó ní Olóde ni, ká má pè é lórúkọ, ká má gbé màmá jáde nínú oòrùn, ká ṣì máa wò ó ná. Ẹlòmíì ní bó bá fi lè yí ara ká tí ìrù ẹ̀ pàdé orí ẹ̀, olúwarẹ̀ á kú ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń sìn, àmọ́ ìgbóná tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn, èyí tó sọ ilé dahoro láyé àwọn baba wa, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde lọ́dún 1980 pé ó ti tán láyé. Zona ò bá a tan rárá. Ṣíkín-pọ́kìsì ló bá tan, èyí tí wọ́n ń pè ní varicelle. Ẹni tó bá ti ṣe é ní kékeré, ara ẹ̀ á yá o, ṣùgbọ́n kòkòrò yẹn ò lọ, á lọ lúgọ sí ìdí iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, ó lè sùn síbẹ̀ fún 30 ọdún tàbí 50, lọ́jọ́ tí agbára ara bá wá rẹlẹ̀, bóyá nítorí ọjọ́ orí tàbí àìsàn míì, á jí, á tọ iṣan kan ṣoṣo jáde wá sójú awọ. Ìdí tó fi tò bí ìgbànú nìyẹn, iṣan apá òsì ò dé apá ọ̀tún. Ti pé bó bá yí ká èèyàn á kú, irọ́ ni, àmọ́ bó bá fọ́n káàkiri ara, ó ń fi hàn pé agbára ara ti lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ má fi ìyẹn sùn ilé. Kì í sì í ṣe pé ẹnì kan fi ṣe yín. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti kà á, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló máa ní in kó tó kú, òyìnbó sì ni púpọ̀ nínú wọn, ta ló fi ṣe wọ́n?

Ó dáa, ẹ ti rí ìléròrò, ẹ gbéra. Séńtà ìlera tó sún mọ́ yín tó, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á fojú rí i á sì mọ̀ ọ́n, kì í sábà gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ láìjẹ́ pé wọ́n bi yín ni ọjọ́ àti wákàtí tó kọ́kọ́ yọ, gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, bí kíndìnrín yín bá ní wàhálà, bẹ́ ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, bẹ́ ẹ bá lóyún tàbí tẹ́ ẹ ń fọ́mọ lọ́yàn. Ti kíndìnrín yẹn ṣe kókó torí òun ló ń ti oògùn náà jáde, bí kò bá lágbára wọ́n á dín oògùn kù.

Oògùn méjì lẹ máa sábà rí lórí ìwé tí wọ́n máa kọ fún yín. Àkọ́kọ́ ni aciclovir, míligíráàmù 800 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ méje. Ìkejì ni valaciclovir, míligíráàmù 1000 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọjọ́ méje náà ni, hóró 500 ni wọ́n sábà máa ń tà nítorí náà méjì méjì lẹ máa lò. Ìwọ̀n àgbàlagbà tí kíndìnrín ẹ̀ dáa nìyí o, ẹ má fún ọmọdé. Iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe, ìkejì kàn rọrùn láti rántí ni, àmọ́ ó máa ń wọ́n jù, ẹ béèrè jẹ̀nẹ̀ríìkì, ìyẹn oògùn kan náà tí kò gbé orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá tí owó ẹ̀ sì dín, ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Ohun tó dùn mọ́ mi nípa aciclovir yìí ni pé inú sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò náà ti wọ̀ ló ti ń jí ṣiṣẹ́, ibi tí kòkòrò ò bá sí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Gertrude Elion ará Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó mú un jáde, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1988. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi yé, oògùn yìí ń dá kòkòrò dúró kó má bímọ mọ́ ni, kò lè tún iṣan tó ti bàjẹ́ ṣe. Ìdí tá a fi ń sáré nìyẹn. Bí 72 bá sì ti kọjá, ẹ ṣì lọ, pàápàá bí ìléròrò tuntun bá ṣì ń yọ tàbí bó bá wà lágbègbè ojú, dókítà ṣì lè kọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí wọ́n sọ ẹ̀ẹ̀márùn-ún fún màmá mi, inú wọn dùn, wọ́n ní ṣebí ìrun márùn-ún náà nìyẹn, àwọn á máa mu ún bí àwọn bá ti kírun tán, àwọn ò lè gbàgbé láé. Èmi gan-an rò pé ọgbọ́n ni. Obìnrin fàmásì yẹn rẹ́rìn-ín, ó mú bírò, ó ní ká kà á. Àsùbáà ò ju bí aago mẹ́fà ìdájí lọ, Àyìlà di aago méjì ọ̀sán, wákàtí mẹ́jọ ti lọ láàárín yẹn tí kò sí oògùn lára, kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ wọ́n á ti kó mẹ́ta yòókù lé ara wọn lórí! Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ló yẹ kó máa wà láàárín wọn: aago méje àárọ̀, mọ́kànlá, mẹ́ta ọ̀sán, méje alẹ́, mọ́kànlá alẹ́. Mo ṣètò fóònù màmá kó máa dún, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì mi. Ọjọ́ kẹrin, tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ni wọ́n ní ó ti tó, àwọn fẹ́ fi èyí tó kù pa mọ́ fún ọjọ́ míì. A ja ìjà yẹn dáadáa. Ọjọ́ méje ni, ẹ mu ún tán.

Ẹ máa mu omi gan-an pẹ̀lú ẹ̀, torí bí omi bá kéré lára, aciclovir lè dì sínú kíndìnrín. Bó bá bọ́ sínú Ràmàdáánì, aláìsàn ò ní ààwẹ̀ lọ́rùn, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa san án tó bá yá. Orí lè fọ́ni díẹ̀, inú lè máa rìn, ìyẹn ò le. Àmọ́ bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, tàbí tí kò tọ̀ dáadáa, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ sì padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe jù nìyí o, mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì láàárín àwọn kọ́sítọ́mà mi. Aciclovir oníhóró 200 ni wọ́n rà, wọ́n ń lo hóró kan ẹ̀ẹ̀márùn-ún, torí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé pélébé inú páálí. Ti ìléròrò ẹnu nìyẹn! Zona fẹ́ 800 lẹ́ẹ̀kan, bí 200 nìkan lẹ bá rí, mẹ́rin lẹ máa lò papọ̀, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó tà á fún yín kọ ọ́ sára páálí. Pọ́màádì aciclovir inú túúbù kékeré yẹn náà, ti ètè ni, kò lè wo zona, owó yín ló máa jẹ. Oògùn ẹ̀bá títì nìkọ́? Lọ́dún 2017 nìjọba gbógun wọ ọjà Adjégounlè ní Kútọnù nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ ṣì ń rí wọn tí wọ́n ń gbé e kiri nínú abọ́. Kòkòrò yìí ò ní dúró dè yín kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹfun ni wọ́n tà fún yín, fàmásì ni kẹ́ ẹ lọ. Bó bá di òru, ẹ béèrè fàmásì tó wà ní gáàdì, ìyẹn èyí tó kàn láti ṣí lóru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kétu àti Sábẹ, tàbí lábúlé tó jìnnà, ẹ kọ́kọ́ pe fàmásì lórí fóònù kẹ́ ẹ tó san owó ọ̀kadà, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni 800 ń wà nílẹ̀.

Ó di ti awọ ara. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ò pọ̀, èyí tí ò yẹ ló pọ̀. Omi àti ọṣẹ tí kò ta, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ má fi kànìnkànìn bó o, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún. Bó bá ń jó tàbí tó ń yún, ẹ rẹ aṣọ òwú tó mọ́ sínú omi tútù, ẹ fún un, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, ẹ lè ṣe é léraléra lójúmọ́. Yìnyín kọ́ o, omi tútù ni. Kalamáìnì náà dáa fún yíyún. Ẹ má bẹ́ ilé omi yẹn, ẹ gé èékánná. Kò gba àdín gbígbóná, kò gba ọṣẹ dúdú, kò gba eérú tàbí ewé gígún tàbí oògùn ìfọyín, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ìyẹ̀fun inú kápúsù tí wọ́n ń tú dà sójú egbò. Gbogbo ìyẹn ló ń jẹ́ kó kẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10 á gbẹ, á di èépá, èépá á já fúnra ẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ tó jinná á tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ìgbà tí èépá já tán ni mo tó jẹ́ kí màmá fi òrí pa á.

Aṣọ ńkọ́, iṣẹ́ mi nìyẹn. Bùbá òwú tó fẹ̀, tó ti gbó díẹ̀, ló dáa, ẹ má wọ léèsì tàbí ọ̀rá kankan. Kẹ́ ẹ sì yí i padà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ojú rírán wà níta, torí ìlà ìránṣọ tó wà lábẹ́ abíyá yẹn, ibi tí zona wà gan-an ló máa ń ha. Òru ọjọ́ kejì ni mo ronú kàn án nígbà tí màmá ò lè sùn, bá a ṣe yí i padà wọ́n sùn fún wákàtí mẹ́ta. Àwọn obìnrin, ẹ bọ́ kọ́mú sílẹ̀ títí á fi jinná.

Ìrora ẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ má sọ fún aláìsàn pé kó mú un mọ́ra. Páráṣitámọ́ọ̀lù 500, méjì lẹ́ẹ̀kan, kó tó wákàtí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó tún lo òmíì, hóró mẹ́jọ lópin láàárín wákàtí 24, ẹni tó rù tàbí tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu kó béèrè ìwọ̀n tiẹ̀ torí ó máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀. Ìbúpùrófẹ́ẹ̀nì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín lò ó bí ìléròrò bá wà lára, ó lè jẹ́ kí awọ kẹ̀ burúkú, dókítà ni kó pinnu. Tramadol tí wọ́n ń tà lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ òsì yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Bí páráṣitámọ́ọ̀lù ò bá ká a, oògùn tó wà fún ìrora iṣan wà, bí amitriptyline ìwọ̀n kékeré lálẹ́ tàbí gabapentin, dókítà ló ń kọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ amitriptyline fún yín tẹ́ ẹ wá kà á pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ẹ má bínú pé wọ́n pè yín ní wèrè, ìwọ̀n kékeré ẹ̀ máa ń tu iṣan lára ni.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ sùn ilé rárá: ẹni tó yọ sí níwájú orí tàbí ìpéǹpéjú, pàápàá bí ẹyọ kan bá wà lórí ṣóńṣó imú, torí iṣan kan náà ló dé ṣóńṣó imú tó dé ẹyinjú, ojú lè fọ́ síbẹ̀. Ẹni tó yọ sí létí tí ẹnu ẹ̀ wá wọ́ sápá kan. Ẹni tí orí ń fọ́ gan-an tí ọrùn ẹ̀ le gan. Ẹni tí agbára ara ẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Àwọn yìí, ẹ má tilẹ̀ ka wákàtí, ọ̀pítálì ńlá tààrà.

Ṣé ó ń ranni? Ẹ kò lè kó zona lára ẹlòmíì, àmọ́ omi inú ìléròrò yẹn lè fún ẹni tí kò ṣe ṣíkín-pọ́kìsì rí ní ṣíkín-pọ́kìsì. Nítorí náà títí gbogbo ẹ̀ á fi gbẹ di èépá, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ fọwọ́ yín, ẹ má bá ẹnikẹ́ni lo táwẹ́ẹ̀lì kan náà, kí aláboyún tí kò ṣe é rí àti ọmọ jòjòló jìnnà síbẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi lóyún nígbà yẹn, ojú fèrèsé ló ti ń kí màmá, màmá ò kọ́kọ́ gbà, wọ́n ní ṣé àwọn di adẹ́tẹ̀ ni, a ṣàlàyé ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa sọ wéré: bí zona bá yọ sí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 50, dókítà lè ní kó ṣe àyẹ̀wò HIV. Kì í ṣe èébú. Zona máa ń jẹ́ nǹkan àkọ́kọ́ tó ń tú u fó, ẹni tó bá sì tètè mọ̀, oògùn wà tó máa fi gbé ayé ẹ̀ pẹ́. Ẹ lọ ṣe é.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tó ń jẹ́ Shingrix, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un, oṣù méjì sí mẹ́fà láàárín wọn, fún ẹni tó ti pé ọdún 50 sókè, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ bi fàmásì yín, owó ẹ̀ ò kéré, àmọ́ ẹni tó lọ́mọ nílẹ̀ òkèèrè tó ń béèrè ohun tó máa rà fún bàbá ẹ̀ lọ́dún, ẹ wí fún un.

Èyí tó kù ni ìrora tí kì í lọ. Awọ á ti jinná, àpá nìkan ló kù, iṣan á ṣì máa jó. Bí ọjọ́ orí ẹni bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ń wọ́pọ̀ sí i, bó bá kọjá oṣù mẹ́ta orúkọ míì ni wọ́n ń pè é, ìtọ́jú ẹ̀ sì yàtọ̀, ẹ má jókòó tì í pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ẹ padà lọ. Ti màmá gba ọ̀sẹ̀ méje. Wọ́n ti padà sọ́jà báyìí o, àmọ́ bùbá yẹn, wọ́n ṣì ń yí i padà wọ̀ nílé, gbogbo òwú rírán mi síta, bí kọ́sítọ́mà bá dé mo máa ń ní kí wọ́n wọlé lọ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ba iṣẹ́ mi jẹ́.